Orin Tí Wọ́n Yọ Lẹ́nu Aránṣọ

Aránṣọ kan wà ní ilé eré kan, ẹni ọdún márùndínlọ́gọ́ta. Màmá Sísọ́ọ̀sì ni àwọn òṣèré ń pè é, torí ẹnu rẹ̀ mú ju irin ọwọ́ rẹ̀ lọ. Yàrá ẹ̀yìn ìtàgé ló ti ń rán aṣọ wọn, òun náà ló ń fọ̀ ọ́, òógùn abíyá wọn sì máa ń rí i lára débi pé ó ń fi aṣọ di imú kó tó kó o sínú omi.

Lọ́dún kan, olùdarí wọn gbé eré olórin kan dìde, eré ẹ̀fẹ̀. Ìtàn ọmọ òrukàn àti ìyàwó bàbá rẹ̀ tó burú ni, èyí tí gbogbo ọmọdé mọ̀. Àmọ́ lọ́tẹ̀ yìí, ìyàwó bàbá ni yóò máa fi orin ro ẹjọ́ tirẹ̀.

Olùdarí ti gbọ́ pé aránṣọ tọ́ ọmọ ọkọ rẹ̀ dàgbà. Ó wá jókòó tì í nídìí máṣíìnì.

"Ẹ jọ̀ọ́ mà, báwo ló ṣe rí gan-an?"

Màmá Sísọ́ọ̀sì kì í sọ inú rẹ̀ fún èèyàn, ṣùgbọ́n ohùn ọkùnrin náà tutù. Ó ní ọmọ ọdún méje ni ọmọ náà nígbà tí ìyá rẹ̀ kú, kòkòrò iná sì bo orí rẹ̀. Láràárọ̀ lòun ń fi ooyà yọ ọ́. Lọ́jọ́ kan, òun sáré lọ bì sẹ́yìnkùlé, òun wá ń bẹ Olúwa pé kó jẹ́ kóun fẹ́ràn ọmọ náà.

"Mi ò lù ú o. Ṣùgbọ́n mo kórìíra rẹ̀ fún ọdún kan gbáko."

Lọ́jọ́ tí wọ́n kọ́kọ́ wọ aṣọ dánra wò, aránṣọ dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìtàgé, ó fi eyín di abẹ́rẹ́ mú. Ìyàwó bàbá jáde pẹ̀lú ooyà ńlá, ó ń kọrin:

"Mo yọ iná lórí ọmọ ọlọ́mọ,
Mo bì sẹ́yìnkùlé,
Mo ní, Olúwa, jẹ́ n fẹ́ràn rẹ̀,
Olúwa ní òun náà ń bì."

Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wọn. Itọ́ kíkan kún aránṣọ lẹ́nu. Ó lọ bá olùdarí.

"Èébì mi lẹ bù sáwo fún èèyàn jẹ yìí."

"Ẹ̀fẹ̀ ni, mà. Ẹjọ́ yín ni mo ń bá yín rò."

"Ta ló háyà yín ní lọ́yà?"

Aránṣọ ní kí wọ́n yọ ọ́, ọkùnrin náà ní òun ò lè yọ orin tó dùn tó bẹ́ẹ̀. Ọmọ ọkọ aránṣọ yẹn, obìnrin tó ti di nọ́ọ̀sì báyìí, sì ti gba tíkẹ́ẹ̀tì eré náà. Aránṣọ kò fẹ́ kó gbọ́ ọ láàárín ẹ̀rín, ó bá lọ bá a nílé lọ́jọ́ Sátidé. Ọmọ náà ń lọ yúnífọ́ọ̀mù rẹ̀ lọ́wọ́. Aránṣọ sọ gbogbo rẹ̀, títí kan ìkórìíra yẹn.

Ọmọ náà gbé áyọ́ọ̀nù sí ẹ̀gbẹ́. "Mo mọ̀, Màámi. Ìdí tí mo fi ń tutọ́ sínú ọbẹ̀ yín nìyẹn."

"Èyí tí mo jẹ?"

"Gbogbo ẹ̀."

Ojú aránṣọ fún pọ̀, bí ẹni tí itọ́ náà ṣẹ̀ṣẹ̀ kàn án láhọ́n.

"Ọlọ́run á bi ọ́ dànù bí èébì," ló sọ, ẹ̀rín sì gba ẹnu rẹ̀.

Wọn ò lọ wo eré náà. Lọ́jọ́ Ajé, aránṣọ dá kọ́kọ́rọ́ yàrá ẹ̀yìn ìtàgé padà fún olùdarí, ó ń rán aṣọ ilé-ìwé nínú pálọ̀ rẹ̀ báyìí. Orin náà ti gba ìgboro kan. Ó ṣì ń rí aránṣọ lára.