Ibi tí Mo Kùn Lára Àwòrán Múfútáù

Ọjọ́ kan náà lèmi àti Múfútáù bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ilé kíkùn lọ́dọ̀ Ọ̀gá Láṣún ní Mushin. Èmi ni ọ̀gá máa ń pè tí wọ́n bá fẹ́ ìlà tó gún. Wọ́n á ní, "Múfú, búrọ́ọ̀ṣì tìẹ ń jó ni." Sùlè àti Kọ́lá tá a jọ ń kọ́ṣẹ́, tí wọ́n ti dolóògbé báyìí, á bú sẹ́rìn-ín.

Nígbà tó yá, Múfútáù bẹ̀rẹ̀ sí í ya àwòrán sórí pátákó. Àwọn ilé kọnkéré tí a jọ kùn ní Yaba ló ń yà, àwọn tó ní búlọ́ọ̀kù oníhò níwájú. Ṣùgbọ́n o ò ní rí ilé níbẹ̀. Igun àti ìlà lásán ni, òjìji oòrùn ọ̀sán, búlúù lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọ̀ eérú. Àwọn èèyàn ń wá rà á. Mo máa ń kí i kú oríire, màá sì máa jowú ẹ̀ lábẹ́lẹ̀. Èmi tí ìlà mi gún, ta ló mọ̀ mí?

Ó kú lóṣù tó kọjá. Lẹ́yìn àdúrà ọjọ́ kẹjọ, Sikirat ìyàwó rẹ̀ gbé pátákó kan wá bá mi ní Surulere. Igun kan ṣì funfun.

"Bàbá Ṣadé, ẹ bá wa parí ẹ. Sátidé lẹni tó fẹ́ rà á ń bọ̀."

Mo sunkún, mo sì gbà á. Ká má purọ́, inú mi dùn. Mo fi okùn fa ìlà, mo kùn ún lẹ́ẹ̀mejì, títí ipa búrọ́ọ̀ṣì ò fi hàn mọ́, bí a ṣe ń kun pálọ̀ olówó.

Ọmọbìnrin kan, Tómilọ́lá, tó ń fi kọ̀ǹpútà ṣiṣẹ́ ní Yaba, ló wá rà á ní Sátidé, nílé Múfútáù. Ó wò ó pẹ́, ó wá na ìka sí ibi tèmi.

"Mummy," ó ní fún Sikirat, "ó jọ pé ó ti rẹ ọkọ yín nígbà tí wọ́n débí. Ibi tó kù ń mí. Ibí yìí, ògiri lásán ni."

Sikirat wò mí. Tí mo bá dákẹ́, Múfútáù ni yóò ru ẹ̀bi náà, kò sì sí níbẹ̀ láti fèsì. Mo tún àwòrán náà wò. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ tèmi, ipa búrọ́ọ̀ṣì rẹ̀ hàn gedegbe, ìmọ́lẹ̀ sì ń gba àárín wọn kọjá bí ó ṣe ń gba ihò búlọ́ọ̀kù Yaba wọ̀nyẹn.

"Kì í ṣe ọwọ́ ẹ̀ nìyẹn," mo ní. "Èmi ni."

Ojú ti ọmọ náà. "Ẹ má bínú, sà."

"Kí ni màá bínú sí? Sikira, gbé pẹ́ńtì funfun wá."

Mo fi funfun bo gbogbo ibi tí mo kùn, bí Múfútáù ṣe fi í sílẹ̀. Nígbà tó gbẹ, Tómilọ́lá sanwó, ó gbé e lọ bẹ́ẹ̀.

Mo ṣì ń jowú Múfútáù. Ṣùgbọ́n mo ti wá mọ ohun tí mò ń torí ẹ̀ jowú: búrọ́ọ̀ṣì ẹ̀ tó ń jó yẹn ni.