Páúdà Lójú Ìjàpá Ìyá Onígbá

Ìyá àgbà da páúdà ọmọdé sí àtẹ́lẹwọ́, wọ́n fẹ́ ẹ sójú dáṣíbọ́ọ̀dù ọkọ̀, wọ́n sì fi àkísà gbígbẹ nù ún. Gbogbo ojú rẹ̀ padà dúdú, àfi ibi tó sán. Ibẹ̀ funfun báláú. Mo ti rò pé sísán náà kò gùn ju ìka mi lọ, nítorí ibi tí ojú mi rí i dé nìyẹn. Àṣé ó ń bá ìrìn rẹ̀ lọ ní tirẹ̀, tín-ín-rín bí irun, ó gba ẹ̀gbẹ́ aago tó ń ka eré ọkọ̀ kọjá, ó yà sọ́nà rédíò, ó wá kú síbi tí n kò lè rò láéláé pé kí n wò.

"Ṣé o rí i, ọkọ mi?" ni wọ́n wí. "Ibi tí ojú rí i dé kọ́ ló dé."

N kò tíì dàgbà tó ẹni tó ń gbààwẹ̀ nígbà náà. Ṣùgbọ́n ohun tó gbé mi nìyẹn, kò sì tíì sọ̀ mí kalẹ̀ títí di òní.

Àwọn ni ìyá tó bí bàbá mi. Ní àdúgbò wa ní Ìsẹ́yìn, Ìyá Onígbá ni gbogbo ayé ń pè wọ́n, nítorí iṣẹ́ wọn ni kí wọ́n máa rán igbá tó bá là. Àwọn obìnrin a máa kó igbá wá láti Ìpàpó àti Ìlùà, èyí tí ọmọ já lulẹ̀ àti èyí tí ewúrẹ́ tẹ̀. Òórùn ilé wa ni òórùn èédú, ìda oyin àti igbá tí irin gbígbóná ṣẹ̀ṣẹ̀ gba inú rẹ̀ kọjá. Bí mo bá jí láàárọ̀, ohun tí mo kọ́kọ́ ń gbọ́ ni ìlu wọn, irin ẹlẹ́nu ṣóńṣó tí wọ́n fi ń lu igbá, tó ń dún wìnrìn-wìnrìn lára èèpo.

Ọkọ̀ náà wà lábẹ́ igi dóńgóyárò, ọkọ̀ kékeré ẹlẹ́yìn rogodo tí gbogbo ènìyàn ń pè ní ìjàpá. Bàbá àgbà ló rà á. Òun ni wọ́n fi ń gbé Ìyá àgbà lọ sọ́jà, igbá a kún ẹ̀yìn ọkọ̀ dé òrùlé, Ìyá àgbà a jókòó níwájú, wọn a sì fi ọwọ́ òsì di dáṣíbọ́ọ̀dù mú bí ọkọ̀ bá já sí kòtò. Lẹ́yìn tí Bàbá kú, kò sí ọjọ́ kan tí Ìyá kì í wọ inú ọkọ̀ náà lẹ́yìn ìrun alásárì. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ń ka tẹ̀sùbáà wọn, lórí ìjókòó tiwọn, ọwọ́ òsì wọn níbi tó máa ń wà tẹ́lẹ̀. Ibẹ̀ gan-an ni oòrùn wá là.

Ẹ̀gbọ́n bàbá mi ni kọ́kọ́rọ́ wà lọ́wọ́ rẹ̀. Lọ́jọ́ kan, etí ibi tó sán, tó ti gbẹ tó sì mú bí páànù, kọ́ ọwọ́ agbádá rẹ̀, ó fà á ya fàì.

"Ìyá, ọkọ̀ yín ti ń bunijẹ báyìí o!"

"Ìjàpá ni, kì í ṣe ajá," ni Ìyá àgbà fèsì. "Ìwọ lo lọ fọwọ́ kàn án lẹ́nu."

Kò rẹ́rìn-ín. Ó ní bí Iléyá bá bá ọkọ̀ náà bẹ́ẹ̀, òun yóò pe àwọn onírin, àwọn tó ń ra ògbólógbòó ọkọ̀ kí wọ́n lè yọ́ irin rẹ̀. Òun kò ní í gbé ohun tí ojú rẹ̀ ti ya lọ sí yídì mọ́. Ìyá àgbà kò bá a jiyàn. Wọ́n ní, "Ṣé ìjàpá kan wà tí ẹ̀yìn rẹ̀ kò là rí ni?" Wọ́n sì ní kí n lọ mú páúdà àbúrò mi wá.

Bí wọ́n ṣe rí òpin sísán náà tán, wọ́n ki ìlu bọ iná. Nígbà tí ẹnu rẹ̀ pọ́n, wọ́n fi lu ihò kékeré kan sí góńgó ibẹ̀. Èéfín rẹ̀ ta mí nímú.

"Ẹ tún ń dá egbò sí i lára ni?" ni mo bi wọ́n.

"Ilé ni mo kọ́ fún un. Sísán tí kò bá rí ibi sùn, ìrìn ni yóò máa rìn."

Inú ọyẹ́ ni a wà. Bí iṣẹ́ igbá ṣe rí nìyẹn: ìgbà ọyẹ́ ni igbá ń la ẹnu gbàǹgbà, ìgbà náà ni wọ́n sì ń dí i. Wọ́n fi abẹ gé etí méjèèjì kó rí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, wọ́n ti àjákù òfì bọ abẹ́ rẹ̀, wọ́n sì fi gọ́ọ̀mù àwọn ṣobàtà-ṣobàtà kún ibẹ̀ títí ó fi tẹ́jú. Ó dára lójú. Ṣùgbọ́n nígbà tí ọyẹ́ lọ tí ooru dé, etí méjèèjì fún gọ́ọ̀mù náà mọ́ra, ibi tí wọ́n dí wú sókè, ó ga gàdàgbà bí okùn tí a tẹ́ sábẹ́ ẹní.

Ẹ̀gbọ́n bàbá mi fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣubú nínú ẹ̀rín. "Ìyá, ìjàpá yín ti yọ iṣan ọrùn!"

Lọ́sàn-án ọjọ́ náà, Ìyá wọ inú ọkọ̀, wọ́n ti ìlẹ̀kùn, wọ́n gbé ọwọ́ lé ibi tó wú, wọn kò sì jáde títí òógùn fi rẹ gèlè wọn. Nígbà tí wọ́n jáde, ọ̀rọ̀ kan ni wọ́n sọ.

"Igbá kì í sùn sóòrùn. Mo ti fi ìwà igbá wọ ọkọ̀."

Wọ́n yọ gbogbo rẹ̀ dànù. Wọ́n dúró de òjò àkọ́rọ̀, wọ́n yan òwúrọ̀ tí ìkùukùu bo ojú ọ̀run, tí ibi tó sán kò lanu jù, tí kò sì panu dé. Èmi ni mo fi fáìlì tí wọ́n fi ń pọ́n ọ̀bẹ rẹ́ rọ́bà taya tí wọ́n pò mọ́ gọ́ọ̀mù, kí ohun tí a fi dí i lè máa fà kó sì máa súnkì. Fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ni wọ́n ń tẹ́ ẹ, bí èyí bá gbẹ, a ó fi ewé ìpín dán an, nítorí ewé náà rí ṣákaṣàka bí ahọ́n màlúù. Igi ìpín ẹ̀yìnkùlé wa fẹ́rẹ̀ẹ́ pá.

Ojú rẹ̀ wá dán jù. Dáṣíbọ́ọ̀dù ní awọ tirẹ̀, tó rí wínníwínní bí èèpo ọsàn. Ìyá yọ́ ìda oyin díẹ̀, wọ́n bu páúdà sí igun tí kò sán lẹ́bàá ìlẹ̀kùn, wọ́n tẹ ìda mọ́ ọn, wọ́n jẹ́ kó tutù. Nígbà tí wọ́n ṣí i, awọ náà ti wà lára ìda, ihò kọ̀ọ̀kan, iṣan kọ̀ọ̀kan. Wọ́n gbé e lọ sójú gọ́ọ̀mù ìkẹyìn tó ṣì rọ̀, wọ́n tẹ̀ ẹ́. Wọ́n ṣí i. Awọ ti hù níbi tí awọ kò sí. Mo pariwo, "Sùbúhánálláhì!" Ìyá ní kí n dákẹ́, kí n má fi itọ́ sí i.

Lọ́jọ́ Iléyá, Ìyá jókòó níwájú, èmi wà lẹ́yìn. Ẹ̀gbọ́n bàbá mi fi ọwọ́ kan wa ọkọ̀, ó ń fi èkejì pa dáṣíbọ́ọ̀dù lọ, ó ń pa á bọ̀.

"Ìyá, níbo ló wà ná?"

"Ẹ wá a, Àlájì," ni Ìyá fi í ṣe yẹ̀yẹ́. "Ẹ̀yin lẹ mọ ibi tó ti bù yín jẹ."

Ó wá a títí a fi dé yídì. Nígbà tí àwọn onírin yọjú lẹ́yìn ọdún, òun fúnra rẹ̀ ló pàdé wọn lẹ́nu ọ̀nà. "Ẹ máa lọ o. Ọkọ̀ ìyá mi lẹ ń wò yẹn."

Ìyá ti lọ. Ọkọ̀ náà wà lọ́dọ̀ mi ní Ṣakí, lábẹ́ ìbòrí páànù, oòrùn sì ti là á níbòmíràn, lọ́wọ́ ibi tí awakọ̀ ń jókòó. Èmi ni mo dí i. Ti àkọ́kọ́ rì láàárín. Èkejì di aláwọ̀ eérú lójú oòrùn, nítorí pólíṣì bàtà ni mo fi pa á láró dípò kí n po aró dúdú mọ́ gọ́ọ̀mù. Ẹ̀kẹta ló wà níbẹ̀ báyìí, ó ti rí ọyẹ́, ó ti rí ooru. Bí mo bá fẹ́ fi ọwọ́ kàn án, mo ṣì máa ń kọ́kọ́ bi ara mi léèrè pé níbo ni ohun yìí ń sùn sí, inú ilé ni àbí inú oòrùn.

Láàárọ̀ yìí, mo fẹ́ páúdà sí gbogbo ojú rẹ̀, mo nù ún. Lára tèmi, ìlà funfun kan kù, kò gùn tó hóró ìrẹsì, ó wọ inú ihò tí mo lù fún un, ó sì sùn síbẹ̀. Kò tíì kúrò níbi tí mo bá a lọ́dún tó kọjá. Mo wá tẹ̀ síwájú, síbi tí ọwọ́ òsì Ìyá máa ń wà. Mo fẹ́ páúdà, mo nù ún, mo tẹrí wò ó títí. Dúdú ni gbogbo rẹ̀.