Àwọn Ẹyẹ Tí Tóyìn Kọ̀ Láti Kó Ránṣẹ́

Tóyìn Màkánjúọlá ti kú. Ikọ́ tí ò lọ bọ̀rọ̀ ló gbé e lọ ní àdúgbò Canarsie, a sì ti sin ín. Ẹ jẹ́ kí n sọ̀rọ̀ wàyí, torí inú ń bí mi.

Iṣẹ́ tí ọ̀rẹ́ mi yìí ṣe, ẹ ò ní rí i lára ògiri mùsíọ́mù tó lò ó. Yàrá ìsàlẹ̀ ilẹ̀ ni wọ́n fi í sí, ní Manhattan, níbi tí àlejò kì í dé. Òun ló ń to òkúta, egungun àti òkú labalábá sínú àpótí, tó ń fi wọ́n ránṣẹ́ sáwọn ilé ìwé ní ìpẹ̀kun Alaska, níbi tí ọ̀nà mọ́tò ò dé, kí àwọn ọmọ ibẹ̀ lè fọwọ́ ara wọn kan ohun tí wọ́n ń kà nípa ẹ̀. Á wá máa kọ́ wọn lórí kọ̀ǹpútà. Ọmọ kan gbé ìkarahun ìjàpá dání, ó bi í pé ṣé ìjàpá lè bọ́ ilé ẹ̀ sílẹ̀ kó lọ wẹ̀. Tóyìn ń sọ ọ́ fún mi, ó ń rẹ́rìn-ín títí ikọ́ fi gbà á lẹ́nu.

Ọ̀rọ̀ wá kan òkú ẹyẹ, wọ́n ní kó kó wọn sínú àpótí náà, ìjà dé. Ẹyẹ àtijọ́ ni wọ́n, yàrá tó ti ń ṣiṣẹ́ yẹn náà ni wọ́n sì kó wọn sí. Láyé ìgbà náà, májèlé tí wọ́n ń pè ní ásẹ́níìkì ni wọ́n fi ń kun awọ ẹyẹ kí kòkòrò má baà jẹ ẹ́, kò sì sẹ́ni tó ń ṣiṣẹ́ mùsíọ́mù tí ò mọ̀. Tóyìn ní kí wọ́n yẹ̀ wọ́n wò, kí wọ́n yẹ yàrá òun náà wò. Wọ́n ní owó ò sí. Owó ò sí o, àmọ́ wọ́n rówó fi òkúta mábù tún ẹnu ọ̀nà ṣe! Tóyìn kọ̀, kò kó ẹyẹ kankan.

"Bí a ṣe bí ẹrú la bí ọmọ," ló wí fún mi. "Ṣé torí pé wọ́n jìnnà ni mo ṣe máa fi májèlé ránṣẹ́ sí wọn?"

Nígbà tí kọ̀ǹtíráàtì ẹ̀ parí, wọn ò tún un ṣe. Ìnṣọ́ránsì tó fi ń gba ìtọ́jú bá a lọ. Ikọ́ nìkan ló kù sí i lára.

Èmi kì í ṣe dókítà, n ò sọ pé ẹyẹ ló pa á. Mo kàn ń béèrè ni. Ta ló yẹ yàrá yẹn wò? Ta ló yẹ ẹ̀jẹ̀ ẹ̀ wò? Àbí òkú nìkan lẹ̀yin ará mùsíọ́mù mọ̀ ọ́n tọ́jú?

Lọ́jọ́ ìsìnkú, Tiffany, ọ̀gá ẹ̀ tẹ́lẹ̀, dìde ní ṣọ́ọ̀ṣì wa. Ó ní ní ìrántí Tóyìn, àwọn máa parí iṣẹ́ tí àìsàn ò jẹ́ kó parí. Àwọn ẹyẹ ń lọ sí Alaska lóṣù tó ń bọ̀, orúkọ Tóyìn á sì wà lára àpótí kọ̀ọ̀kan. Ìjọ pàtẹ́wọ́. Àlùfáà pàápàá pàtẹ́wọ́.

Sharon, ọmọ Tóyìn, dìde. Ó kọ́kọ́ dá Tiffany lóhùn lóyìnbó, ó wá yíjú sí àwa àgbà.

"Kì í ṣe àìsàn," ló wí. "Mọ́mì mi kọ̀ ni."

Tiffany rẹ́rìn-ín músẹ́, ó jókòó.

A kì í fi iná sórí òrùlé sùn. Ẹ̀yin ọ̀gá mùsíọ́mù, ẹ dá àwọn ẹyẹ yẹn dúró. Ẹ pe ẹni tí ẹ ò lè pàṣẹ fún, kó yẹ̀ wọ́n wò, kó yẹ yàrá náà wò, kí ẹ sì sọ èsì ẹ̀ ní gbangba, kí Sharon gbọ́, káwọn olùkọ́ Alaska náà gbọ́. Ẹ dárúkọ ẹni tó ní owó ò sí. Bí ẹ ò bá ní ṣe é, ẹ yọ orúkọ Tóyìn kúrò lára àpótí yín. Ẹ kọ tiyín sí i, kí òbí ọmọ tó bá ṣàìsàn lè mọ ẹni tó máa wá bá.