Bàbá Páásìwọ́ọ̀dù ti Bódìjà

Ọjọ́ tí gbogbo ìpàdé àdúgbò ṣe àmín lé páásìwọ́ọ̀dù lórí ni orúkọ Bàbá Adéfọlárìn kàn káàkiri Bódìjà. Alága ní kó fi àwòrán gọ́tà tuntun tí wọ́n fẹ́ gbẹ́ han àwọn èèyàn. Bàbá gbé láptọ́ọ̀pù rẹ̀ sórí tábìlì, ó tàn án. Nígbà tí ẹ̀rọ náà béèrè ọ̀rọ̀ ìwọlé, Bàbá fa agbádá bo orí, ó fi bo láptọ́ọ̀pù náà mọ́ ọn. Kò sóhun téèyàn tún rí mọ́ bí kò ṣe òkìtì aṣọ tó ń mì.

Gbọ̀ngàn pa lọ́lọ́. Ìka Bàbá ń ró kàtàkàtà lábẹ́ aṣọ, ẹnu rẹ̀ sì ń sọ wúyẹ́wúyẹ́, torí kò lè tẹ ọ̀rọ̀ kan láìkà á sẹ́nu. Màmá Jésùlọlá, aládùúrà tó ń gbé lẹ́yìn ilé rẹ̀, ló kọ́kọ́ dijú. Bí wúyẹ́wúyẹ́ náà ṣe dáwọ́ dúró díẹ̀, ó ké e: "Àmín!" Gbogbo gbọ̀ngàn gbè é, oníṣọ́ọ̀ṣì àti onímọ́sálásí: "Àmín o!" Alága ṣí fìlà.

Bàbá ta gìrì lábẹ́ aṣọ bí ẹni tí iná gbé. "Ta ló ń ṣe àmín? Ẹ ti jẹ́ kí n ṣì í tẹ̀! Mo tún fẹ́ bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀! Olúwa, ṣàánú mi o!"

"Àmín," ni Màmá Jésùlọlá wí.

Èkìtì ni Bàbá Adéfọlárìn ti wá. Iṣẹ́ ìjọba ló gbé e dé Ìbàdàn, ní ọ́fíìsì kan tó ń rí sí ọ̀rọ̀ ìdílé tó dàrú. Ó fẹ̀yìn tì, àmọ́ àwọn tí ìdílé wọn dàrú kò gbọ́ pé ó ti fẹ̀yìn tì, wọ́n ń wá a wá sílé. Ara rẹ̀ kì í balẹ̀. Ìdúró ló ti ń jẹun. Tí wọ́n bá tan tẹlifíṣọ̀n, iwájú rẹ̀ ni yóò ti máa lọ, tí yóò máa bọ̀. Ẹnì kan bi Àbẹ̀ḿbí, ìyàwó rẹ̀, pé ta ló ka ìròyìn lánàá. Ó ní, "Ẹ̀yìn ọkọ mi, Bàbá Fikáyọ̀, ni mo rí."

Láptọ́ọ̀pù rẹ̀ àkọ́kọ́ kò ní páásìwọ́ọ̀dù kankan. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ó sọ̀ kalẹ̀ nínú mọ́tò ní Challenge, ó ń bá dẹ́rẹ́bà jiyàn pé ibi tó já òun sí kọ́ lòun ń lọ. Nígbà tó fi máa wẹ̀yìn, olè ti gbé báàgì tó wà nínú rẹ̀ lọ. Àwọn èèyàn ń kí i pé, "Bàbá, ẹ pẹ̀lẹ́ o, Ọlọ́run á fi tuntun rọ́pò." Bàbá kò gbọ́. Ohun tó wà nínú láptọ́ọ̀pù náà ló ń rò, torí ibẹ̀ ló kọ ibi tí Kaosarah ń gbé sí.

Aránṣọ ni Kaosarah. Ó sá kúrò lọ́dọ̀ ọkọ tó ń lù ú, ọkọ náà sì búra pé ibi tóun bá ti rí i lòun máa pa á sí. Bàbá ló fi òun àtàwọn ọmọ rẹ̀ pamọ́ sí Àpáta. Ẹnikẹ́ni tó bá ṣí láptọ́ọ̀pù yẹn yóò rí orúkọ àdúgbò, yóò rí àwọ̀ géètì. Bàbá kò yà sílé. Takisí ló háyà, ó di Àpáta.

"Kaosarah, kó ẹrù ẹ."

"Bàbá, kí ló dé? Ẹ jókòó, ẹ mumi ná."

"Tí mo bá jókòó báyìí, ẹsẹ̀ mi ò ní gbé mi dìde mọ́."

Ó ṣàlàyé fún un bí wọ́n ti ń di ẹrù. Kí ilẹ̀ tó ṣú, wọ́n ti ń lọ sí Mọ́níyà, sílé ẹ̀gbọ́n Àbẹ̀ḿbí. Bàbá gbé ẹ̀rọ ìránṣọ Kaosarah lé itan nínú takisí. Dẹ́rẹ́bà ní, "Bàbá, ẹ jẹ́ ká gbé e sí búùtù, ó wúwo." Bàbá gbá ẹ̀rọ náà mọ́yà. "Èyí tí mo gbé sẹ́yìn lónìí, mi ò tíì rí i."

Ohunkóhun kò ṣe Kaosarah. Ó jọ pé ńṣe ni olè náà lu láptọ́ọ̀pù náà tà láìka lẹ́tà kan níbẹ̀. Àmọ́ láti ọjọ́ náà ni oorun Bàbá ti ń já bí okùn gbígbẹ. Ó ra láptọ́ọ̀pù tòkunbọ̀ kan lọ́dọ̀ Ìrẹ̀mídé, obìnrin tó ní ṣọ́ọ̀bù kọ̀ǹpútà láàárín àwọn onífótókópì ní Agbowó. Ó ní òun fẹ́ páásìwọ́ọ̀dù tó le.

"Páásìwọ́ọ̀dù lásán kò tó, Bàbá," ni Ìrẹ̀mídé wí. "Olè lè yọ dísìkì inú ẹ̀, kó lọ kà á lára kọ̀ǹpútà mìíràn. Ẹ jẹ́ kí n fi Linux, ètò tó ń darí kọ̀ǹpútà, sí i, kí n sì ní kó sọ gbogbo dísìkì náà di àdììtú. Ẹni tó bá yọ ọ́, ràdàràdà ló máa bá níbẹ̀."

"Bí ìwé tí dókítà kọ?"

"Oníkẹ́míìsì ṣì máa ń rí ìyẹn kà, Bàbá. Èyí ò ṣeé kà."

Inú Bàbá dùn. "Tí mo bá wá gbàgbé ọ̀rọ̀ náà ńkọ́?"

"Ó parí nìyẹn. Èmi ò lè ṣí i. Àwọn tó ṣe Linux gan-an ò lè ṣí i."

"Ọlọ́run ńkọ́?"

"Ọlọ́run mọ̀ ọ́n. Àmọ́ ẹ ò ní rí nọ́ńbà Rẹ̀ pè."

Ìrẹ̀mídé ní kó má lo orúkọ ọmọ tàbí ọjọ́ ìbí. Kó to ọ̀rọ̀ púpọ̀ tí kò bára tan pọ̀, tó gùn, tí òun nìkan á rántí. Bàbá ní òun ò lè ronú lórí ìjókòó. Ó rìn dé géètì yunifásítì, ó padà, ó tún lọ. Àwọn ọlọ́kadà rò pé ó sọnù, wọ́n ń bi í pé ibo ló ń lọ. Níkẹyìn ó já wọ ṣọ́ọ̀bù náà pẹ̀lú òógùn lójú, níwájú gbogbo oníbàárà: "Mo ti rí i! Ẹ gbọ́ bó ṣe lọ..."

Ìrẹ̀mídé fọwọ́ bò ó lẹ́nu. "Bàbá, ẹ padà lọ wá òmíràn."

Nígbà tí iṣẹ́ parí, ojú kọ̀ǹpútà di dúdú, ó ń béèrè ọ̀rọ̀ ìwọlé. Bàbá tẹ̀ ẹ́ títí, ojú dúdú náà kò yí padà. "Mò ń tẹ̀ ẹ́, kò jáde!"

"Kì í jáde, Bàbá. Ẹ ṣáà máa tẹ̀ ẹ́, ó ń rí yín."

"Ta ló ń rí mi?" Bàbá wẹ̀yìn, ó wọ̀tún, ó wòsì. Ọjọ́ yẹn ló bẹ̀rẹ̀ sí í fa agbádá borí.

Ìrẹ̀mídé tún kìlọ̀ fún un pé àdììtú náà kò wúlò àyàfi tó bá pa kọ̀ǹpútà pátápátá. Tó bá kàn pa á dé nígbà tó ṣì ń ṣiṣẹ́, ó fi ilẹ̀kùn sílẹ̀ gbayawu ni. Bàbá gbọ́ràn. Gbogbo ìgbà tó bá ti dìde, ó máa ń pa á. Bẹ́ẹ̀ ìgbà gbogbo ló ń dìde. Ìròyìn ojú ewé kan tó fẹ́ kọ, Lẹ́ńtì ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, Iléyá ló parí rẹ̀.

Ó wá di oníwàásù. Kò sẹ́ni tó kọjá tí kò ní bi í bóyá ó ti ti kọ̀ǹpútà rẹ̀ pa. Ó dá Mánsúrù tó ń lẹ táyà létí títì dúró: "Ṣé o ti ti tìẹ?"

"Bàbá, èmi ò ní kọ̀ǹpútà kankan."

Bàbá bọ̀ ọ́ lọ́wọ́ tayọ̀tayọ̀. "Ìwọ lo mọ̀ ọ́n ṣe jù!"

Lẹ́yìn ọdún mélòó kan, dókítà sọ fún un pé ọkàn rẹ̀ ò lágbára mọ́, pé kó máa jókòó. Ìdúró ló ti dúpẹ́ lọ́wọ́ dókítà. Nígbà tí wọ́n délé, Àbẹ̀ḿbí wo láptọ́ọ̀pù náà, ó wo ọkọ rẹ̀.

"Bàbá Fikáyọ̀, tí nǹkan bá ṣẹlẹ̀, ta ni yóò ṣí èyí?"

"Kò sẹ́ni tó máa ṣí i. Àṣírí àwọn èèyàn ni. Ó máa bá mi lọ."

"Obìnrin tí ẹjọ́ rẹ̀ ṣì wà ní kóòtù, tí ẹ̀rí rẹ̀ wà níbẹ̀ ńkọ́? Ẹ̀rí ọ̀hún náà á bá yín lọ?"

Bàbá ń rìn láti ẹnu ọ̀nà dé fèrèsé. "Mo ti búra fún wọn, Àbẹ̀ḿbí."

"Ta ló ń se oúnjẹ fún wọn tí wọ́n bá sunkún dé ibí? Ẹ̀gbẹ́ ta ni Kaosarah sùn sí lálẹ́ ọjọ́ tó kọ́kọ́ sá dé? Ẹ ti gbọ́ ọ rí níta pé ó tẹnu mi jáde?"

Bàbá dúró sójú kan. Fún ẹni tó bá mọ̀ ọ́n, ìyẹn nìkan tó gbé jáde nínú ìwé ìròyìn.

Ìrẹ̀mídé wá láti Agbowó. Ó ní ilẹ̀kùn kan ṣoṣo ni, àmọ́ ó láyè fún kọ́kọ́rọ́ tó ju ẹyọ kan lọ. Màmá á ní tiwọn, Bàbá á ní tiwọn, ẹnì kan ò sì ní mọ tẹnì kejì. Bàbá fi tirẹ̀ ṣí i, wọ́n sì ní kó bọ́ síta. Wọ́n ń rí orí rẹ̀ tó ń yọ lójú fèrèsé.

"Kí lo tẹ̀?" ló bi ìyàwó rẹ̀ bó ṣe wọlé.

"Àṣírí ni."

"Èmi ọkọ ẹ?"

"Ẹ̀yin náà lẹ kọ́ mi."

Títí ó fi kú ló ń bẹ̀ ẹ́. Níwájú àlejò, nídìí oúnjẹ: "Sọ èyí fún mi péré, ṣé orúkọ mi wà níbẹ̀?" Àbẹ̀ḿbí á kàn bu ẹran kún tirẹ̀.

Ìgbà ọyẹ́ ni Bàbá sùn tí kò jí. Nígbà tí ẹsẹ̀ àwọn olùbánikẹ́dùn fúyẹ́, Àbẹ̀ḿbí ṣí láptọ́ọ̀pù náà. Ó fi ẹ̀rí tó yẹ kó dé kóòtù ránṣẹ́. Lẹ́yìn náà ló ń pe àwọn tó kù lọ́kọ̀ọ̀kan, kí oníkálukú wá pàṣẹ lórí ọ̀rọ̀ tirẹ̀. Kaosarah wá láti Ring Road, níbi tó ti ń ránṣọ báyìí. Ọkọ ìjọ́sí ti fi Ìbàdàn sílẹ̀ tipẹ́.

"Tìẹ rèé," ni Àbẹ̀ḿbí wí. "Ibi tí o ń gbé nígbà náà ló wà níbẹ̀. Ṣé kí n fi pamọ́ ni, àbí kí n pa á rẹ́?"

Kaosarah bú sẹ́rìn-ín. "Ẹ pa á rẹ́, Màmá. Ibi tí mo wà báyìí, mo ti kọ ọ́ sára pátákó gàgàrà lójú títì, tòun ti nọ́ńbà fóònù."

Àwọn méjèèjì rẹ́rìn-ín títí ẹ̀rín fi di ẹkún lójú Àbẹ̀ḿbí. Kaosarah sún mọ́ ọn, ó dì í mú.

"Ì bá dára ká ní Bàbá Fikáyọ̀ rí pátákó yẹn."

"Wọ́n rí i, Màmá. Àwọn gan-an ló di àkàbà mú nígbà tí kápẹ́ńtà ń kàn án. Wọ́n ní ó wọ́, pé kó tú u, kó tún un kàn."

"Ṣé lóòótọ́ ló wọ́?"

"Kò wọ́ rárá. Inú wọn ló ń dùn, wọn ò tíì fẹ́ lọ sílé. Ni mo bá ní kí kápẹ́ńtà tú u."