Orúkọ Mẹ́jọ Nínú Àpò Ṣẹ́ẹ̀tì Ọkọ Mi

Mo mọ orúkọ mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ di òní, bí wọ́n ṣe tò tẹ̀lé ara wọn lórí ìwé náà. Mi ò ní kọ ìkankan síbí. Orúkọ tí wọ́n kọ sórí ìwé ló dá gbogbo rẹ̀ sílẹ̀.

Ìgbà ìyanṣẹ́lódì gígùn yẹn ni, tí àwọn ará Tógò fi ń bá ìjọba sójà jà. Ọjà Lomé tì pa, kálukú jókòó sílé, a ń ṣọ́ ara wa. Àwọn òyìnbó ń kó ẹrù wọn lọ sílùú wọn. Ọkọ mi, oníṣòwò aṣọ, ra àpótí géèmù kan lọ́wọ́ ìdílé òyìnbó kan tó ń lọ. Ó gbé e wá sílé wa ní àdúgbò Amoutivé, ó so ó mọ́ tẹlifíṣọ̀n. Eré kan ṣoṣo ló wà nínú rẹ̀, bésíbọ́ọ̀lù àwọn ará Amẹ́ríkà. Ẹnì kan á ju bọ́ọ̀lù, ẹnì kejì á fi igi gbá a, á wá sáré yí pápá ká títí á fi padà síbi tó ti gbéra.

Télọ̀ tó ń gbé iwájú ilé wa, ọmọ Mina tó gbọ́ Yorùbá dáadáa, ló ń wá bá a ṣe é lọ́sàn-án. Á kàn mí lẹ́nu ọ̀nà, á kí mi, á pè mí ní Dada, ìyẹn ìyá lédè wọn: "Dada, ça va? Ẹni tí mo fẹ́ nà dà?" Ni wọ́n á bá ti ilẹ̀kùn àti fèrèsé.

"Bàbá wọn, kí lẹ̀ ń tì í fún?"

"Ariwo wa pọ̀. Sójà á ní ìpàdé la ń ṣe."

Kò tẹ́ mi lọ́rùn. Ọkùnrin tí kò ta ọ̀pá aṣọ kan láti ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, kí ló ń pa á lẹ́rìn-ín? Wọ́n sì ń sọ ọ́ kiri nígbà náà pé àwọn kan ń ta orúkọ ará àdúgbò fún sójà.

Ọjọ́ tí mo fẹ́ fọ ṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀ ni mo rí ìwé náà. Orúkọ mẹ́jọ, ará àdúgbò wa ni gbogbo wọn. Nọ́ńbà wà níwájú ọ̀kọ̀ọ̀kan, ìlà kéékèèké wà lẹ́yìn rẹ̀, bí ìgbà tí èèyàn ń ka iye ìgbà tí wọ́n jáde nílé. Ó ti fi bírò fa igi lé orúkọ olùkọ́ kan. Olùkọ́ yẹn sì ti sá lọ sí Gánà lọ́sẹ̀ tó kọjá! Télọ̀ ló wà ní ipò kẹrin, ìlà tirẹ̀ ló pọ̀ jù. Ó ti kọ nọ́ńbà kẹsàn-án, kò tíì kọ orúkọ sí i.

Mo jókòó ti abọ́ ìfọṣọ. Ọmọ mẹ́rin ni mo bí fún ọkùnrin yìí. Ṣé òun náà ló ń ta èèyàn? Ta ni ó kù tó fẹ́ kọ? Mi ò bi í. Mo dá ìwé padà sínú àpò, mo fi ṣẹ́ẹ̀tì kọ́ láìfọ̀. Nídìí oúnjẹ, mo ń wo ọwọ́ rẹ̀.

"Kí lò ń wò?"

"Ọwọ́ yín ni."

"Kí ló ṣe é?"

"Kò ṣe nǹkan kan. Ẹ jẹun."

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, mo bá ìyàwó télọ̀ nídìí ẹ̀rọ omi. Mo ní, "Mú ọkọ rẹ kúrò ní Lomé. Mo rí orúkọ rẹ̀ lórí ìwé."

"Ìwé ta ni, Dada?"

Mo bẹ̀rẹ̀ sí í pọn omi tèmi. Ó wo ilé wa, ó wo ojú mi, ó gbé korobá rẹ̀ láìkún. Kó tó di ọ̀sán, wọ́n ti ti ilẹ̀kùn wọn, wọ́n ti gba ẹnubodè Gánà lọ.

Lọ́sàn-án yẹn, ọkọ mi tan tẹlifíṣọ̀n, ó dúró títí. "Télọ̀ ò wá. Mo nà án lánàá, ẹ̀rù mi ń bà á." Ó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe é lóun nìkan. Mo wọlé, mo jókòó, ìgbà àkọ́kọ́ tí mo wò ó nìyẹn. Ọkùnrin kékeré kan gbé igi dání nínú tẹlifíṣọ̀n. Orúkọ télọ̀ wà lábẹ́ rẹ̀.

"Kí lorúkọ rẹ̀ ń ṣe níbẹ̀?"

"Ẹgbẹ́ mi ni. Èèyàn lè fúnra rẹ̀ sọ wọ́n lórúkọ, ni mo bá mú àwọn ará àdúgbò." Ó fa ìwé yẹn yọ lápò. "Bí ẹnì kan bá gbá bọ́ọ̀lù dáadáa, mo fa ìlà kan fún un. Télọ̀ ló mọ̀ ọ́n gbá jù."

"Olùkọ́ tí ẹ fa igi lé ńkọ́?"

"Ọ̀lẹ! Kò gbá ẹyọ kan rí. Mo lé e."

"Ẹni kẹsàn-án?"

"Ìwọ ni. Ìwọ lo máa ju bọ́ọ̀lù. Àbí o ti gbàgbé ọjọ́ tí o ju síbí ọbẹ̀ lù mí? Orúkọ rẹ ló gùn, àpótí yìí ò gbà á tán. Mo ṣì ń wo ibi tí màá ti gé e."

Mo rẹ́rìn-ín.

Mi ò sọ fún un pé èmi ni mo lé télọ̀ lọ. Nígbà tí ìlú rọlẹ̀, àwọn tó sá padà, olùkọ́ náà padà. Télọ̀ ò padà. A gbọ́ pé ó ń ránṣọ ní Accra. Ẹ̀ẹ̀mejì ni ọkọ mi ránṣẹ́ kí i, kò dáhùn. "Kí ni mo fi ṣe é?" Á bi mí, màá ní, "Bí èèyàn ṣe rí nìyẹn." Lórí àìsàn tó gbé e lọ, ó tún bi mí.

Oṣù mẹ́ta rèé tí a sin ín. Àwọn ọmọ fẹ́ ju àpótí náà nù, mo ní kí wọ́n fi sílẹ̀. Inú rẹ̀ ni mo ti rí ìwé náà, ó ti fẹ́ẹ̀ já níbi tí wọ́n ti ká a. Lánàá, mo fi rán ẹnì kan tó ń lọ sí Accra, pé kó fún télọ̀. Mo ti kọ orúkọ mi sí ipò kẹsàn-án, gbogbo rẹ̀, mi ò gé e. Mo kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé eré ni ìwé yìí, pé ọkọ mi ò ta ẹnikẹ́ni, èmi ni mo fura.