Ìrẹsì Yóò Tètè Jáde Lọ́dún Yìí: Ìdágbére sí Bàbá Lásùnkànmí

Ó ṣe o! Pẹ̀lú omijé lójú àti ọkàn tó wúwo ni mo fi ń kéde fún ẹbí, ará, ọ̀rẹ́, àti gbogbo àwọn tó ń ṣe ìwádìí nípa ọpọlọ ní Zaria, pé lọ́dún yìí, ìrẹsì yóò jáde lásìkò. Irú rẹ̀ kò ṣẹlẹ̀ rí láti ìgbà tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Lásùnkànmí ti di alága Ọjọ́ Ìwádìí Ọpọlọ ní yunifásítì wa. Ohun tó sì fà á kò ṣeé fi ẹnu sọ: Bàbá ti lọ.

Bàbá mi, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n bàbá tó bí mi. Ẹ̀yin lẹ gbà mí sílé ní GRA nígbà tí mo wọ poli, ẹ kò sì fi ìgbà kankan pe poli ní àbúrò yunifásítì níṣojú mi. Ọ̀jọ̀gbọ́n tó ń wo inú orí ènìyàn bí ìyàwó ilé ṣe ń wo inú ìkòkò ọbẹ̀. Ọlọ́yàyà tó ń kí Hausa ní Hausa, tó ń kí Yorùbá ní Yorùbá, tó sì ń bá àwọn eku ilé ìwádìí rẹ̀ sọ Gẹ̀ẹ́sì. Ẹ ní Gẹ̀ẹ́sì ni ẹ fi kọ̀wé tọrọ owó oúnjẹ wọn, kò yẹ kí wọ́n máa fi èdè mìíràn jẹ ẹ́.

Fún ẹ̀yin ará ìjọ wa ní Sabon Gari tí ẹ kò mọ Ọjọ́ Ìwádìí: ọjọ́ kan ni lọ́dún tí àwọn dókítà, olùkọ́ àti akẹ́kọ̀ọ́ tó ń wádìí ọpọlọ máa ń pé jọ sí gbọ̀ngàn kan ní Samaru láti sọ ohun tí wọ́n rí. Bó ṣe wà nínú ìwé nìyẹn. Bó ṣe máa ń rí gan-an ni pé alága á kí àlejò pàtàkì, àlejò pàtàkì á kí àwọn tí alága gbàgbé, oòrùn á sì ti kan àtàrí. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ló máa ń gbẹ̀yìn. Kó tó kàn wọ́n, òórùn ìrẹsì á ti gba ojú fèrèsé wọlé. Àwọn àgbà á wá máa dìde lọ́kọ̀ọ̀kan bí ẹni tó fẹ́ lọ dáhùn fóònù. Wọn kì í padà.

Ọdún tí mò ń bá wọn tọ́jú ẹ̀rọ tó ń gbé àwòrán sára ògiri ni Saratu sọ̀rọ̀. Akẹ́kọ̀ọ́ yín ni, ọmọ abúlé Bomo lẹ́bàá Samaru. Àkàrà tí gbogbo wa ń pè ní kosai ni ìyá rẹ̀ ń dín lẹ́nu ọ̀nà ilé wọn, wárápá sì ń ṣe ìyá náà. Lọ́jọ́ tó ṣubú lẹ́bàá iná, gbogbo èèyàn sá. Wọ́n ní itọ́ tó ń hó lẹ́nu rẹ̀ máa ń ranni. Láti ọjọ́ náà, kosai ń tutù sínú igbá. Saratu wá gbé ọ̀rọ̀ náà lọ sí Ọjọ́ Ìwádìí. Ó fẹ́ kí àwọn dókítà gbọ́ pé ìbẹ̀rù àti ìtìjú ni kì í jẹ́ kí àwọn aláìsàn Bomo wá gba oògùn, kí wọ́n bá òun wá nǹkan ṣe sí i, kí ìyá òun tó ṣubú sínú epo gbígbóná.

Àwọn àga ló gbọ́. Èmi, ẹ̀yin, àti àwọn àga. Nígbà tó tán, ó ká ìwé rẹ̀, ó ní, “Baba, na gama.” Ó ti parí nìyẹn. Ẹ̀yin nìkan dìde, ẹ sì ń pàtẹ́wọ́ bí ẹni pé gbọ̀ngàn kún.

Lọ́dún tó tẹ̀lé e, wọ́n fi yín ṣe alága. Ẹ kò lè yí ètò padà, torí ìgbìmọ̀ ló ni ètò. Ṣùgbọ́n ẹnikẹ́ni kò rántí fi oúnjẹ sábẹ́ ìgbìmọ̀. Ẹ kó ìrẹsì sínú yàrá ẹ̀gbẹ́ gbọ̀ngàn, ẹ pa ilẹ̀kùn dé, ẹ fi okùn pupa so kọ́kọ́rọ́ kan kọ́ ọrùn. Ọ̀gá kan wá bá yín jẹ́ẹ́jẹ́, ó ní ebi ń pa àwọn àgbà. Ẹ ní, “Sannu, ẹ kú sùúrù. Ẹni tó bá gbọ́ ọ̀rọ̀ ọmọdé tán ni yóò jẹ oúnjẹ àgbà.”

Saratu tún ọ̀rọ̀ rẹ̀ sọ fún gbọ̀ngàn tó kún fún ebi. Dókítà àgbà kan tí kì í dúró rí béèrè ìbéèrè, ó tún béèrè òmíràn, ó wá béèrè ibi tí ìyá náà wà. Kí òjò ọdún náà tó rọ̀, àwọn dókítà ti ń gbé oògùn lọ sí Bomo lóṣooṣù. Ẹ̀yin sì lọ jókòó lórí bẹ́ńṣì níwájú ilé ìyá Saratu lójúmọmọ, ẹ̀ ń jẹ kosai, ẹ̀ ń pe àwọn tó ń kọjá kí wọ́n wá wo ọ̀jọ̀gbọ́n ọpọlọ tó ń jẹun. Wọ́n wò yín títí, wọ́n rí i pé ẹ kò ṣubú, wọ́n tún bẹ̀rẹ̀ sí í rà á. Nígbà tí ìròyìn ikú yín dé Bomo, ìyá náà wá. Ó dá iná sẹ́yìn ilé, ó dín kosai fún gbogbo àlejò tó wá kí wa.

Ọ̀rọ̀ kọ́kọ́rọ́ ló kù. Ní ilé ìwòsàn, ẹ pè mí súnmọ́ ibùsùn. Mo rò pé ogún ni. Ẹ ní kọ́kọ́rọ́ tí ẹ ń so kọ́ ọrùn yẹn, kọ́kọ́rọ́ mọ́tò yín àtijọ́ ni, mọ́tò tí ẹ ti tà kí n tó dé ọ̀dọ̀ yín. Àgádágodo ilẹ̀kùn yàrá yẹn ti bàjẹ́ tipẹ́. Ní gbogbo ọdún wọ̀nyẹn, àwọn olùṣèwádìí rán aṣojú sí yín, wọ́n ṣe ìpàdé, wọ́n kọ ìwé ẹ̀bẹ̀. Kò sí ẹni tó fọwọ́ ti ilẹ̀kùn wò. Ẹ rẹ́rìn-ín títí nọ́ọ̀sì fi wá bá wa wí. Lẹ́yìn náà ẹ ní, “Sọ fún wọn lọ́jọ́ tí wọ́n bá ń sin mí, kí wọ́n rí nǹkan rẹ́rìn-ín sí. Ṣùgbọ́n bá mi bẹ̀ wọ́n, kí wọ́n máa jókòó gbọ́ àwọn ọmọ yẹn.”

Mo ti sọ ọ́, Bàbá. Mo sì ti bẹ̀ wọ́n. Ó dùn mí pé ẹ̀bẹ̀ nìkan ló wà lọ́wọ́ mi. Ẹ sùn re o, ẹ̀yin tí ẹ fi ebi kọ́ àgbà ní etí dídẹ̀. Ilẹ̀ Zaria á rọ̀ fún yín.

ÌKÉDE LÁTI Ọ̀DỌ̀ ÌGBÌMỌ̀ ỌJỌ́ ÌWÁDÌÍ: A ti fi Ọjọ́ Ìwádìí tọdún yìí sọrí olóògbé gẹ́gẹ́ bí ẹ̀yẹ ìkẹyìn. Àwọn àlejò pàtàkì yóò máa sọ̀rọ̀ nípa ìfẹ́ tí olóògbé ní sí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ láti àárọ̀ títí di àkókò oúnjẹ. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yóò sọ̀rọ̀ lẹ́yìn náà, bí àyè bá ṣí sílẹ̀.