Ìlà Ara Gíláàsì

Ní ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń ra irinṣẹ́, ọkọ fi àtàǹpàkò tọ ẹnu rọ́bà tuntun kan, irú èyí tí wọ́n fi ń fa omi kúrò lára gíláàsì, láti ìpẹ̀kun kan dé èkejì, díẹ̀díẹ̀, bí ẹni ń wá eegun nínú ẹja. Kò rí ibi tó gé. Ó mi orí.

"Eléyìí dáa. Èyí tó wà nílé yẹn ló ń dójú tì wá."

Ìyàwó ń yẹ àwọn aṣọ ìnugíláàsì wò lórí káńtà, ó ń wá èyí tí kì í já fọ́nrán sílẹ̀.

Iṣẹ́ fífọ fèrèsé ni àwọn méjèèjì jọ ń ṣe láti ilé kan dé òmíràn. Ọkọ a dúró níta, ìyàwó a wà nínú yàrá. Ọkọ a fa rọ́bà láti òkè wá sílẹ̀, ìyàwó a fà á láti ọ̀tún sí òsì. Ọgbọ́n tí wọ́n dá nígbà tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ra nìyẹn, kí ìjà má baà wà: bí ìlà bá kù lára gíláàsì, tó bá jẹ́ òòró, ọkọ ló ni ín, tó bá jẹ́ ìbú, ìyàwó ni.

Láti bí ọdún kan, òòró ni gbogbo rẹ̀. Ojú ọkọ ti ń ṣe bàìbàì. Eruku ni, ó ní. Bó bá ti lọ da omi ìdọ̀tí nù, ìyàwó a sáré bọ́ síta lọ tún ibẹ̀ nù. Bí onílé bá wá rí ìlà kó tó débẹ̀, ìyàwó a yára ní, "Ìbú ni. Ọwọ́ mi ni." Ọkọ a bú sẹ́rìn-ín: "Ìyàwó mi ti darúgbó!" Òun náà a bá a rẹ́rìn-ín. Ó sàn kí ó fi òun ṣe yẹ̀yẹ́ ju kí ó wà nílé máa wo òrùlé.

"Ọ̀gá Gíláàsì!" Ìyá Onígarawa tó ni ṣọ́ọ̀bù ló pè é. "Ẹ ti fọwọ́ pa rọ́bà yẹn lára tó o. Ṣé ẹ fẹ́ fi ṣaya ni? Ẹ fi dán ilẹ̀kùn mi wò, ó kúkú dọ̀tí."

Ọkọ rẹ́rìn-ín. Ó fi fóòmù pa ọṣẹ sára gíláàsì ilẹ̀kùn, ó sì fa rọ́bà wálẹ̀, ó tún fà á. Ó sún sẹ́yìn.

"Ó dán àbí kò dán?"

"Háà, Ọ̀gá! Ilẹ̀kùn mi ò bẹ̀ yín pé kẹ́ ẹ kọlà fún un!"

"Ìbú ni," ìyàwó sọ láti ìdí káńtà. "Ọwọ́ mi ni."

Ẹyin lohùn.

Aṣọ tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ ṣì gbẹ, ó ṣì wà nínú ọ̀rá rẹ̀. Kò tíì fọwọ́ kan ilẹ̀kùn náà rárá.

Ìyá Onígarawa wo ọkọ, ó wo ìyàwó. Omi ń kán láti ẹnu rọ́bà sórí bàtà ọkọ.

"Ìyàwó," ọkọ ní, "ìwọ kọ́ lo fọ èyí."

"Bàbá wọn, ẹ jọ̀ọ́..."

"Láti ìgbà wo lo ti ń ṣe báyìí?"

Ọkọ gbé rọ́bà náà padà sórí káńtà jẹ́jẹ́.

"Ìyá, kì í ṣe rọ́bà méjì mọ́, ẹyọ kan ṣoṣo ni kẹ́ ẹ dì. Ẹ wá èyí tó ní ọ̀pá gígùn fún un. Ọwọ́ rẹ̀ ò ní tó òkè látìta."

Ó fọwọ́ wá ọwọ́ ilẹ̀kùn títí ó fi bà á. Ó bọ́ sójú títì, ó sì ń lọ.